Mo fẹ́ kúrò nídìí fídíò ọ̀wàńbẹ̀, dọkumẹ́ńtárì ló wù mí láti máa yà: ṣé iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun ni?

Ayàwòrán_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ilé ṣíṣí. Mi ò kẹ́gàn iṣẹ́ náà, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbé kámẹ́rà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìjẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Ohun tó wù mí ni kí n jókòó ti àwọn aláró, kí n bá awakọ̀ dánfó jí ní ìdájí, kí n ya ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é, láìsí pé ẹnì kan ń pariwo pé "ẹ wo kámẹ́rà, ẹ rẹ́rìn-ín".

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé iṣẹ́ tó lè bọ́ ìdílé ni? Ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Kámẹ́rà wo ni kí n rà? Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mi ò fẹ́ kó ṣòfò. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn jù.

Ọmọ_Alábà

Sony FX3. Ó ń ríran lókùnkùn, kò wúwo, o lè jù ú sínú báàgì kí wọ́n má mọ̀ pé kámẹ́rà lo gbé. Kò sí èyí tó dára tó o fún irú iṣẹ́ tí o ń sọ yìí.

Màmá_Kámẹ́rà

Àbúrò, jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà níbi tó wà. Èyí tí o fi ń ya ìgbéyàwó tó láti bẹ̀rẹ̀. Dípò kámẹ́rà, ìtàn ẹnì kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, torí ọ̀nà tí obìnrin náà tọ̀ dáhùn púpọ̀ nínú ohun tí o béèrè.

Kirsten Johnson ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1965. Nígbà tó jáde ní Brown University ní 1987, Senegal ló gbà lọ, torí fíìmù àwọn ọmọ Áfíríkà ló gbà á lọ́kàn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó wọ La Fémis, ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Paris, tó kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbé kámẹ́rà fún fíìmù àwọn ẹlòmíràn. Ó wà lára àwọn tó ya Fahrenheit 9/11, tó gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, ní 2004. Ó ya fíìmù nípa àwọn obìnrin Liberia tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n jókòó sínú oòrùn títí ogun fi parí. Ní 2010, òun àti Laura Poitras, olùdarí The Oath, jọ gba ẹ̀bùn kámẹ́rà fún fíìmù náà ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù ní Amẹ́ríkà. Ó tún wà lára àwọn ayàwòrán Citizenfour, èyí tó gba Oscar ní 2015.

Wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí dáadáa. Nínú gbogbo àwọn fíìmù wọ̀nyẹn, orúkọ olùdarí ni ayé mọ̀. Ó di 2016, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, kí ó tó kó àwọn àwòrán tó ti yà fún fíìmù àwọn ẹlòmíràn jọ, tó fi wọ́n ṣe ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀. Cameraperson ni ó pè é. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe é, wá a wò. O máa gbọ́ ọ tó ń mí lẹ́yìn lẹ́ńsì. O máa rí i tó na ọwọ́ síwájú kámẹ́rà, tó ń fa koríko tó dí àwòrán rẹ̀ lójú tu. Ó sín níbì kan, gbogbo àwòrán sì mì pẹ̀lú rẹ̀.

Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ó ya agbẹ̀bí kan ní ilé ìwòsàn ní Kano, pẹ̀lú ọmọ tuntun tí kò rí èémí mí dáadáa, kò sì sí ọ́síjìn tí wọn ó fún un. Agbẹ̀bí náà ń ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, kámẹ́rà kò sì yà kúrò lára wọn. Mi ò tíì rí ibi tí àìní ilé ìwòsàn wa ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ọmọ_Alábà

Mo gbọ́, Mà. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí kò ríran lókùnkùn kò lè ya ilé ìwòsàn tí kò níná.

Màmá_Kámẹ́rà

Òtítọ́ ni, mi ò bá ọ jiyàn. Ìgbà tó bá mọ ilé ìwòsàn tó fẹ́ yà, tí wọ́n sì ti gbà á wọlé, kó wá rà á.

Ìyá_Agbẹ̀bí

Mi ò sí lára ẹ̀yin oníkámẹ́rà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ọmọ mi ló fi ojú-ìwé yìí hàn mí. Ibi tí ẹ mẹ́nu ba Kano yẹn ló mú mi kọ̀wé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa náà. Obìnrin tó ń rọbí kò sí ní ipò tó lè sọ fún àlejò pé kó jáde. Ara ń ro ó, ẹ̀rù ń bà á, ó sì lè rò pé bí òun bá kọ kámẹ́rà, àwọn nọ́ọ̀sì máa bínú sí òun. Bó bá fọwọ́ síwèé ní wákàtí yẹn, mi ò ka ọwọ́ yẹn kún. Ìgbà tó ṣì ń wá sí klíníìkì aboyún, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ọkọ tàbí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ni kí ẹ ti sọ fún un. Kí ẹ sì tún béèrè lẹ́yìn tó bá ti bímọ, pàápàá bí ohun tí kò dára bá ṣẹlẹ̀. Bó bá ní "mi ò fẹ́ mọ́", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, bó ti wù kí àwòrán náà dára tó.

Ìkejì: bí ọmọ kò bá mí, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ wà. A ń nù ún gbẹ, a ń fún un ní ooru, a ń rà á lára lẹ́yìn kó lè ké, a sì ń fi àpò àti ìbòjú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. A nílò àyè láti na apá. Ẹni tó bá fẹ́ ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó ti bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó mọ igun tó lè dúró sí. Iná tó máa ń tàn sójú ènìyàn yẹn, ẹ fi sílé.

Ayàwòrán_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ohun tí mi ò rò rí rárá nìyí. Níbi ìgbéyàwó, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni mo máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò bi ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ́_Ṣàgámù

Èmi gbà pé kò yẹ kí Johnson máa ya ọmọ tó ń kú lọ. Kí ló dé tí kò gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kó lọ wá ọ́síjìn? Ẹ̀mí kọ́ ló ju fíìmù lọ ni?

Màmá_Kámẹ́rà

Ẹ̀mí ju fíìmù lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rò ó wò: àlejò tí kò mọ iṣẹ́ agbẹ̀bí, tí kò mọ ilé ìwòsàn yẹn, ibo ló fẹ́ ti rí ọ́síjìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò rí? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá lè gba ènìyàn là, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é, ju kámẹ́rà sílẹ̀ kíá. Bí ẹni tó lè ṣe é bá wà níbẹ̀, kúrò lọ́nà rẹ̀, kí o sì ya ohun tó ń ṣe, kí àwọn tó yẹ kó ra ọ́síjìn lè rí i.

Nínú fíìmù yẹn kan náà, ibì kan wà tó mú àyà mi já ju Kano lọ. Ní Bosnia, ọmọ kékeré kan tí kò tíì mọ nǹkan kan ń fi àáké ṣeré. Ó ń gbé e, ó ń jù ú sílẹ̀. O máa gbọ́ Johnson tó ń kùn lẹ́yìn kámẹ́rà, ìbẹ̀rù wà lóhùn rẹ̀, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ọmọ náà kò fara pa. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lórí ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní tèmi, mà bá ti gba àáké yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé kò gé ohùn ìbẹ̀rù rẹ̀ kúrò, pé ó jẹ́ kí àwa tó ń wò ó dá a lẹ́jọ́.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ní klíníìkì ìṣẹ́yún kan ní Alabama, ọ̀dọ́bìnrin kan ń sọ ìṣòro rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ hàn lójú. Johnson kò fi òjìji bò ó, kò sì dà á láwọ̀ rú lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ àti itan rẹ̀ nìkan ló yà, pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ tó ti ya. Ọwọ́ náà ń ṣe báyìí, ó ń ṣe báyẹn, gbogbo ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni o máa rí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí o má fi ojú òun hàn, má kà á sí ìdènà. Wá ibi mìíràn tí ara rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

Ohùn_Lọ̀gá

Ẹ ń sọ̀rọ̀ àwòrán láti òkè, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ohùn. Èmi ni mò ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Bọ̀dá Bódìjà, bó bá jẹ́ dandan kí o ná owó yẹn, ra máìkì àti hẹ́dífóònù. Àwọn ènìyàn máa fara da àwòrán tó dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní fara da ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́. Máìkì tó wà lára kámẹ́rà ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Fi máìkì kékeré sí ẹni náà lára. Bó bá jẹ́ àǹkárá tuntun tó le ló wọ̀, aṣọ náà máa ń ha máìkì, wá ọ̀nà dì í mọ́lẹ̀. Má sì yọ hẹ́dífóònù létí títí iṣẹ́ fi parí. Kí o tó kúrò níbikíbi, ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí o gba ohùn ibẹ̀ lásán fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó máa to fíìmù náà máa gbàdúrà fún ọ.

Nípa àwòrán, ẹyọ kan péré. Ìwọ̀n 50Hz ni iná ìjọba wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí o bá ń yà ní férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, fi ṣọ́tà (bó ṣe pẹ́ tó tí kámẹ́rà ń la ojú fún férémù kan) sí 1/50. Bí o bá gbé e sí 1/60 bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń wí lórí YouTube, iná ọ̀pá gígùn inú ọ́fíìsì àti ti ilé ìwòsàn máa ń ṣẹ́jú nínú àwòrán rẹ. O lè má rí i lórí ojú kámẹ́rà kékeré yẹn, ilé lo ti máa rí i, kò sì ní ṣe é tún ṣe dáadáa mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí kò dúró lójú kan burú jùyẹn lọ. Bí o bá lè jókòó ti fèrèsé, jókòó ti fèrèsé.

Ayàwòrán_Bódìjà

Háà, 1/60 ni mo máa ń lò ní gbọ̀ngàn. Mo máa ń rò pé iná gbọ̀ngàn ni kò dára!

Ará_Òkè_Ìlewó

Ẹ máa tọ́ka sí òkèèrè, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ilé. Ẹ̀gbọ́n wa Túndé Kèlání, tí gbogbo wa mọ̀ sí olùdarí, kámẹ́rà ló kọ́kọ́ fi jẹun. Wọ́n bí i l'Ékòó ní 1948, Abẹ́òkúta níhìn-ín ló dàgbà sí. Ilé tẹlifíṣọ̀n WNTV n'Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ya ìròyìn fún Reuters àti BBC. Ó dé Ethiopia nígbà ọ̀dá, ó sì lọ sí Zimbabwe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí wọ́n ń gba òmìnira. Kí ó tó máa darí fíìmù tirẹ̀, òun ló di kámẹ́rà mú fún ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá àtijọ́. Ẹ wo bó ṣe ń ya ọjà, bó ṣe ń ya ojúde ọba. Ojú ẹni tó ti ya ìròyìn rí ni, kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé, àbúrò, iṣẹ́ ìròyìn wà lára ọ̀nà. Ilé tẹlifíṣọ̀n lè má sanwó gidi, ṣùgbọ́n o máa kọ́ bí a ṣe ń débi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà péré, tí a sì mú un.

Akẹ́kọ̀ọ́_Jos

National Film Institute wà ní Jos níbí, lábẹ́ Nigerian Film Corporation, fún ẹni tó bá lè fi ilé sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ sí iREP, àjọ̀dún fíìmù l'Ékòó. Dọkumẹ́ńtárì nìkan ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, àwọn tó ṣe é sì máa ń jókòó dáhùn ìbéèrè. Àwọn tó máa gbà ọ́ síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú wà lára àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ.

Ará_Peckham

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í wá déédéé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní iṣẹ́ méjì. Èmi ń ya fídíò fún àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn àjọ aláàánú, owó yẹn ni mo fi ń gbé dọkumẹ́ńtárì ró. Àwọn àjọ aláàánú dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n nílò ẹni tó mọ ìlú, tó gbọ́ èdè ibẹ̀, tó sì lè fi kámẹ́rà kékeré rìn. Má fi ọ̀wàńbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ọjọ́ Sátidé jẹun, fi ọjọ́ tó kù ya tìrẹ.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ mọ̀: olùdarí dọkumẹ́ńtárì lè sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni, kó wá di ọdún méjì. Má gba owó àpapọ̀ kan fún gbogbo rẹ̀. Gbà á lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí mélòó ni ọjọ́ kan, ta ló ń san owó ọkọ̀ àti ilé ìtura, ta ló máa tún kámẹ́rà ṣe bó bá bàjẹ́, ìgbà wo ni wọ́n máa sanwó, báwo ni orúkọ rẹ yóò ṣe hàn nínú fíìmù. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́ níhìn-ín, wọ́n fi orúkọ mi sí abẹ́ "ẹ ṣeun" nínú fíìmù tí mo ya apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí nínú ìwé àdéhùn pé kí wọ́n ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì rí ibi tí mo lè gbé ẹjọ́ náà gbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Bectu máa ń gbé iye tó yẹ kí wọ́n san jáde, ó sì ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Níbi tí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ̀yin ayàwòrán ìlú kan ẹ máa sọ iye tí wọ́n ń san fún yín fún ara yín.

Àti pé, bí o bá ní dúróònù, má gbé e sókè ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò. Wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì lè mú ìwọ fúnra rẹ.

Ọmọ_Alábà

Hard drive náà ńkọ́? Méjì ó kéré tán, kí wọ́n má wà nínú báàgì kan náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà títà.

Ohùn_Lọ̀gá

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Má sì pa ohun tó wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì rẹ́ títí o fi rí i pé ẹ̀dà méjèèjì ṣí, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Ayàwòrán_Bódìjà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mi ò ní ra kámẹ́rà. Máìkì àti hard drive ni mo fẹ́ rà. Àwọn aláró Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí màmá mi máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa kọ́kọ́ lọ láìgbé kámẹ́rà.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n máa fún wọn lówó? Mò ń gba àkókò wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì máa rò pé mo ti gbowó lọ́dọ̀ òyìnbó.

Ọ̀dọ́_Ṣàgámù

Wọ́n máa béèrè dájúdájú.

Màmá_Kámẹ́rà

Ìbéèrè tó dára jù nínú gbogbo èyí tí o ti béèrè nìyẹn. Má sanwó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, torí ẹni tí o bá sanwó fún máa sọ ohun tó rò pé o fẹ́ gbọ́. Àmọ́ má gba àkókò ènìyàn lófo. Bó bá jẹ́ pé wíwà rẹ dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan, san owó ọjọ́ náà padà fún wọn, kí o sì jẹ́ kó yé wọn pé iṣẹ́ tí wọn ò rí ṣe lo san, pé ẹnu wọn kọ́ lo rà. Ra aṣọ wọn ní iye tí wọ́n ń tà á. Sọ òtítọ́ fún wọn pé o ò tíì rí owó kankan.

Àwọn tó ya Honeyland, fíìmù nípa Hatidže, ìyá olóyin ní Àríwá Macedonia, lò bí ọdún mẹ́ta lórí rẹ̀, abúlé náà kò níná, àwòrán tí wọ́n kó jọ sì ju wákàtí 400 lọ. Èdè Turkish tí ìyá náà ń sọ kò yé àwọn ayàwòrán. Lẹ́yìn tí fíìmù náà gbayì, wọ́n ra ilé fún un ní abúlé mìíràn. Ìyẹn wá lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ẹnì kankan ò lè sọ mọ́ pé owó ló mú un ṣe ohun tó ṣe. Ìwọ gbọ́ èdè àwọn ìyá Ìtòkú, o ti fi èyí ṣáájú wọn.

Bí o bá dé ibẹ̀, bá olórí ẹgbẹ́ aláró sọ̀rọ̀ kí o tó bá ẹnikẹ́ni jókòó. Béèrè ohun tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò yà nínú iṣẹ́ wọn, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí o bá ti yà díẹ̀, padà lọ fi han ìyá náà lórí fóònù rẹ. Johnson padà lọ sí Bosnia lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó fi àwòrán han ìdílé tó ti yà. Má dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta kò jìnnà s'Íbàdàn.

Ìyá_Agbẹ̀bí

Kí o sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ tó bá rí i, bóyá ó ṣì fẹ́.